Àtẹ̀gùn Ẹnu Ọkọ̀: Ìtàn Bọ́ọ̀sì Ìlú àti Àwọn Tí Kò Lè Gùn Ún

Ìjíròrò láàrin atọ́kùn ètò àti àgbà olùkọ́ ìtàn kan, ní ìlú Ọ̀fà.

ATỌ́KÙN: Ìlú Ọ̀fà ni a wà lónìí, ìlú tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ ìjàkadì àti ọ̀dùnkún. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò jẹ́ ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí a kì í kíyè sí, èyíinì ni bí ènìyàn ṣe ń wọ ọkọ̀ èrò. Ẹni tí ara rẹ̀ le yóò gbé ẹsẹ̀ kan, yóò gbé èkejì, ó ti wọlé. Ẹni tí ń fi ọ̀pá méjì rìn ńkọ́? Ẹni tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ ńkọ́? Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ńkọ́? Àlejò wa jẹ́ àgbà olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìtàn kíkọ́. Ẹ káàbọ̀, sà.

OLÙKỌ́: Ẹ ṣeun o, atọ́kùn wa. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá nílé, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ibi òwe wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Amúkùn-ún ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ. Àwọn tí kò lè gun bọ́ọ̀sì wa, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn ni ó dá wọn dúró, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn sì ni ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó lè tún un ṣe. Ìtàn bọ́ọ̀sì ìlú, àgàgà bọ́ọ̀sì tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni ẹ̀rí mi.

ATỌ́KÙN: Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Báwo ni ọkọ̀ èrò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

OLÙKỌ́: Ní Ọ̀fà níhìn-ín, ọkọ̀ ojú irin ni ó sọ ìlú wa di oríta òwò. Nígbà tí ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ó ti gba Ọ̀fà kọjá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó dé Jẹ́bà létí odò Ọya. Kí ó tó dé, orí ènìyàn ni ó ń ru ẹrù, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó sì ń gbé e lọ. Ẹ kíyè sí ohun kan nípa ọkọ̀ ojú irin. Ní àwọn ibùdó ńlá, àwọn tí ó kọ́ ọ mọ pèpéle sí ẹ̀gbẹ́ irin kí èrò má baà máa pọ́n ara ọkọ̀ bí ẹni ń gun igi. Wọ́n gbé ilẹ̀ sókè pàdé ọkọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà wá síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin ni lọ́rì dé. Lọ́rì ni ó ń kó ẹrù láti abúlé wá sí ibùdókọ̀ ojú irin, tí ó sì ń kó èyí tí ọkọ̀ ojú irin bá já sílẹ̀ lọ sí abúlé. Iṣu, ẹ̀kùrọ́, kòkó, iyọ̀, aṣọ, gbogbo wọn ni lọ́rì ń rù. Nígbà tí ó yá, ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí ẹrù, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tẹ́ pátákó fún ènìyàn fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó ra lọ́rì ń rà nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì, táyà àti egungun irin tí ó so wọ́n pọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣásí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ilé ni yóò fi pákó kan ara ọkọ̀ lé e lórí. Báyìí ni a ṣe bí bọ́lẹ̀kájà. Ẹ̀yìn ni èrò ń gbà gun ún, bẹ́ǹṣì pákó ni wọ́n sì ń jókòó lé. Orúkọ tí wọ́n fún un ti sọ ìwà àwọn tí ń kó èrò sí i: ẹni tí kò bá gbà, kí ó bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n jà.

ATỌ́KÙN: Báwo ni ilẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe ga tó?

OLÙKỌ́: Ó lè ga tó nǹkan bí mítà kan sí ilẹ̀. Gíga náà sì nídìí. Táyà lọ́rì tóbi, sípíríǹgì wà lórí táyà, ṣásí wà lórí sípíríǹgì, pákó tún wá wà lórí ṣásí. Gíga yìí kò ni alábàárù lára. Ẹrù ti wà lórí tàbí ní èjìká rẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò kàn yí i sínú ọkọ̀ ni. Àpò ẹ̀kùrọ́ ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ lọ́rì, wọn kò fi ẹsẹ̀ ènìyàn wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ènìyàn wá di ẹrù ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó tún un wọ̀n. Àtẹ̀gùn irin kan tàbí méjì ni wọ́n kàn so mọ́ ẹnu ọkọ̀, wọ́n ní kí èrò máa gùn ún.

ATỌ́KÙN: Ṣùgbọ́n ọkọ̀ abúlé nìyẹn, sà. Bọ́ọ̀sì ìlú ńkọ́?

OLÙKỌ́: Èkó ni a ó ti rí i. Ilé-iṣẹ́ J. N. Zarpas bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì kó èrò káàkiri Èkó ní ọdún 1929. Ní ọdún 1958, ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ti ìlú. Bọ́ọ̀sì ìlú nìwọ̀nyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Èkó dàgbà ju àwọn bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì wọlé, ènìyàn rọ́ wá sí ìlú láti ibi gbogbo, títí kan Ọ̀fà wa níhìn-ín. Bọ́ọ̀sì ìjọba kò tó mọ́. Àwọn oníṣòwò bá gbé ṣásí lọ́rì Mercedes-Benz 911 kalẹ̀, àwọn wẹ́dà ilé jó irin yí i ká, wọ́n kan àga sí i, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, ó di mólúè. Ẹ rí i pé ohun kan náà ni. Ọ̀rúndún ń lọ, pákó di irin, bọ́lẹ̀kájà di mólúè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kò yí padà. Lọ́rì ni ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fò gun mólúè nígbà tí ó ń lọ, wọ́n sì ń fò sọ̀ nígbà tí kò tíì dúró. Ìwọ̀nba ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú ńlá tí mílíọ̀nù ènìyàn ń gbé wá gbé ìrìnnà rẹ̀ lé ọkọ̀ tí ó ń bèèrè pé kí gbogbo èrò jẹ́ eléré ìdárayá.

ATỌ́KÙN: Dánfó kò ga tó bẹ́ẹ̀, àbí?

OLÙKỌ́: Òótọ́ ni. Volkswagen tí ó di dánfó rẹlẹ̀ ju mólúè lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ há, orí èrò sì ń kan òrùlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀kadà dé, lẹ́yìn ọ̀kadà ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní Márúwá, tí ó gba orúkọ lára Buba Marwa tí ó ṣe olórí ìjọba ológun ní ìpínlẹ̀ Èkó láàrin 1996 àti 1999. Mo fẹ́ kí ẹ ro ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí dáadáa. Kí ni ó dé tí àwọn ìyá àgbà fi fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀kadà lọ? Ìdí kan ni pé ilẹ̀ rẹ̀ kò ga. Ìyá yóò fi ẹsẹ̀ kan wọlé, yóò jókòó. Kò sí ìwé tí ó kọ́ wọn, ara wọn ni ó sọ fún wọn pé ọkọ̀ tí ó rẹlẹ̀ ni ọkọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ arọ kò gba inú Márúwá. Ẹni tí ó ni ín yóò ká a, yóò dè é mọ́ ẹ̀yìn, wọn yóò sì gbé òun fúnra rẹ̀ wọlé bí ọmọdé, bí awakọ̀ bá tilẹ̀ gbà láti dúró.

ATỌ́KÙN: Ẹ ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣeé yí padà. Níbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ yí i?

OLÙKỌ́: Ìjà ni ó ṣáájú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1970 ti sọ pé àwọn arúgbó àti àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ kan náà bí àwọn ẹlòmíràn sí ọkọ̀ èrò ìlú. Òfin mìíràn ní ọdún 1973 tún sọ pé ohunkóhun tí owó ìjọba àpapọ̀ bá wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ṣì wà lẹ́nu ọkọ̀. Ní ìlú Denver, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìlú ra bọ́ọ̀sì tuntun tí kò ní ohun tí ó lè gbé kẹ̀kẹ́ arọ wọlé. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1978, àwọn àkàndá ẹ̀dá 19 yí bọ́ọ̀sì méjì po ní oríta Broadway àti Colfax. Àwọn mìíràn nínú wọn sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n dùbúlẹ̀ sójú ọ̀dà, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn. Inú ìjà yẹn ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní ADAPT ti jáde ní ọdún 1983. Nígbà tí ó di ọdún 1990, Amẹ́ríkà ṣe òfin ńlá kan fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí ó ní bọ́ọ̀sì ìlú tuntun yòówù tí a bá rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè wọ̀.

ATỌ́KÙN: Kí ni wọ́n wá fi sí bọ́ọ̀sì náà?

OLÙKỌ́: Ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Wọ́n kan an mọ́ ẹnu bọ́ọ̀sì gíga, yóò sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ yóò wọ orí rẹ̀, yóò gbé e sókè. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó máa ń bàjẹ́, gbogbo ọkọ̀ yóò sì dúró máa wo ẹnì kan. Òkè ni wọ́n ń tún ṣe, ìsàlẹ̀ ṣì wọ́.

Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti wo ìsàlẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Neoplan ti gbé bọ́ọ̀sì kan jáde tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀. Nígbà tí ó fi di ìparí àwọn ọdún 1980, MAN àti Mercedes-Benz ti ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ìlú ńlá. Ẹ má gbàgbé pé Mercedes-Benz yìí kan náà ni ó ṣe lọ́rì tí ó wà lábẹ́ mólúè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Nínú lọ́rì, iwájú ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà. Ọ̀pá irin gígùn kan ni ó ń gba abẹ́ ọkọ̀ gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ fún èrò gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ sórí gbogbo irin wọ̀nyí. Àwọn ará Jámánì gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ìdí ọkọ̀ pátápátá, abẹ́ ọkọ̀ bá ṣófo láti iwájú dé àárín. Wọ́n tẹ irin tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì wálẹ̀ láàárín, kí èrò lè gba òkè rẹ̀ kọjá. Wọ́n yọ sípíríǹgì irin kúrò, wọ́n fi àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ rọ́pò. Bí awakọ̀ bá dé ibùdókọ̀, yóò tẹ bọ́tìnì, afẹ́fẹ́ yóò jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ náà yóò sì tẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Pátákó pẹlẹbẹ kan yóò na jáde di afárá láàrin ọkọ̀ àti ilẹ̀. Ilẹ̀ bọ́ọ̀sì tí ó ti ń ga tó mítà kan wá di nǹkan bí 30 sí 35 sẹ̀ǹtímítà, kò sì sí àtẹ̀gùn kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

ATỌ́KÙN: Ó dà bí ẹni pé kì í ṣe àwọn tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ nìkan ni èyí ràn lọ́wọ́.

OLÙKỌ́: Ẹ ti mú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ìyá tí ó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Arúgbó wọlé láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ẹni tí ó ru ẹrù wọlé. Nítorí pé gbogbo ènìyàn ń wọlé kíákíá, ọkọ̀ kì í pẹ́ ní ibùdókọ̀ mọ́. Bí a bá ní irú rẹ̀ ní Ọ̀fà, àwọn ìyá tí ń kó ọ̀dùnkún lọ sí ọjà ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́. Ohun tí a ṣe fún ẹnì kan tí ó ṣe aláìní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ nínú rẹ̀.

ATỌ́KÙN: Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Báwo ni tiwọn ṣe rí?

OLÙKỌ́: Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn àkàndá ẹ̀dá fi ẹ̀wọ̀n so ara wọn mọ́ bọ́ọ̀sì ní àwọn ọdún 1990 kí ìjọba tó gbọ́. Ní ọdún 1994 ni bọ́ọ̀sì onílẹ̀ rírẹlẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ déédéé níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí àwọn onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó tẹ̀ lé wọn. Òfin dé ní ọdún 1995, ìlànà nípa bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí dé ní ọdún 2000, wọ́n sì fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní ọjọ́ kan pàtó: bọ́ọ̀sì tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2016, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2017. Ọjọ́ tí wọ́n dá yẹn ṣe pàtàkì. Òfin tí kò bá ní ọjọ́ nínú, àdúrà ni.

Síbẹ̀, ọkọ̀ nìkan kò tó. Ní ọdún 2012, ọkùnrin kan tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, Doug Paulley, fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Wetherby lọ sí Leeds. Àyè kẹ̀kẹ́ wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kan ti gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó sún, ó kọ̀, ọkọ̀ sì fi Paulley sílẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Bìrìtìkó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ náà sọ pé kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ̀bẹ̀ kí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ti kúnlẹ̀, ó wá ku kí ènìyàn dìde.

ATỌ́KÙN: Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Ọ̀nà Jámánì kọ́ ni ọ̀nà wa. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, tí ó bá bọ́ sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan, abẹ́ rẹ̀ ti fà ya. Ṣé kì í ṣe pé a kàn ń lálàá?

OLÙKỌ́: Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ọ̀nà tí ó lè fa abẹ́ ọkọ̀ ya ń pa gbogbo wa lára, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀bi kan gbe èkejì lẹ́sẹ̀. Ìdáhùn kejì ni mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan: pèpéle rélùwéè. Bí a kò bá lè rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, a lè gbé ilẹ̀ sókè.

Ìlú Curitiba ní Bràsíìlì, ìlú tí kì í ṣe ti olówó Yúróòpù, ni ó kọ́ ayé ní èyí. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ní ọdún 1991, wọ́n kọ́ àwọn ibùdókọ̀ tí ó dà bí ọ̀pá róbótó tí a fi gíláàsì ṣe. Ilẹ̀ ibùdókọ̀ náà ga bákan náà pẹ̀lú ilẹ̀ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì yóò fara tì í, afárá kékeré yóò jáde, gbogbo èrò yóò sì rìn wọlé bí ẹni ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, Johannesburg ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2009, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Rea Vaya. Bọ́ọ̀sì gíga ni, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ pẹ̀lú ga.

ATỌ́KÙN: Èkó ti ní irú ọ̀nà bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀.

OLÙKỌ́: Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ọdún 2002 ni Èkó dá àjọ LAMATA sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, ọ̀nà bọ́ọ̀sì láti Mile 12 dé CMS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kìlómítà 22. Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ kéré sí ti àwọn ìlú mìíràn, ọ̀pọ̀ èrò sì jàǹfààní rẹ̀. Èrò to lórí ìlà, ọkọ̀ sì dúró kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ohun tí mólúè kì í ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kí owó má baà pọ̀ jù ni pèpéle gíga yẹn. Àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọkọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nígbà tí owó bá kù díẹ̀, ẹnu ọ̀nà àwọn tí kò lè pariwo ni a kọ́kọ́ ń gé kúrò.

ATỌ́KÙN: Ṣé kò ní rọrùn jù kí ìjọba ra àwọn ọkọ̀ kéékèèké sọ́tọ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá nìkan?

OLÙKỌ́: Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Bìrìtìkó àti ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ fún àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀ ṣáájú, kí ó máa retí. Kò lè jí ní òwúrọ̀ kí ó ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Èrín-Ilé. Bọ́ọ̀sì ìlú kò bi ẹnikẹ́ni níbi tí ó ń lọ. Òmìnira tí àwọn 19 yẹn fi sun ojú ọ̀dà nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ yóò jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní olú ìlú, wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, kò sì ní dé Ọ̀fà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé wọn kò pọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí ń ti ìgbẹ́ wá ti kásẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì ni ó gbẹ̀yìn nínú ìjà náà. Àwọn tí àrùn náà mú kí ó tó lọ kò bá a lọ. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń tajà, wọ́n sì ń wá ìwé ẹ̀rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ wá ka àwọn tí ọkọ̀ ti ṣe léṣe kún wọn, kí ẹ sì ka gbogbo arúgbó ìlú kún un.

ATỌ́KÙN: Kí ni òfin Nàìjíríà wí?

OLÙKỌ́: Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó kà á léèwọ̀ láti ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Òfin náà ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba pèsè ẹ̀rọ agbénigòkè àti ojú ọ̀nà ìgẹrẹ́ sí ọkọ̀, gáréèjì àti ibùdókọ̀. Ó ní kí awakọ̀ dúró pátápátá kí àkàndá ẹ̀dá tó wọlé tàbí kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn èrò yòókù sì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wọlé. Ó tún ní kí ọkọ̀ èrò máa fi ohùn àti àkọlé sọ ibi tí ó ń lọ. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí àwọn agbérò wa tí ń ké "Ìlọrin, Ìlọrin" láti òwúrọ̀ ti ń ran afọ́jú lọ́wọ́ kí òfin tó dé. Adití ni kò tíì rí tirẹ̀ gbà.

ATỌ́KÙN: Òfin pọ̀ ní ilẹ̀ wa, sà. Ìmúṣẹ ni ó ṣọ̀wọ́n. Kí ni ó mú kí ẹ rò pé èyí yóò ṣẹ?

OLÙKỌ́: Ìtàn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Títí di ọjọ́ náà, apá òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Òyìnbó ṣe fi lélẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká ń gba apá ọ̀tún. Ìjọba dá ọjọ́, wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n yí àmì ojú ọ̀nà padà, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì mọ́, gbogbo orílẹ̀-èdè bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún bọ́ọ̀sì. Ilẹ̀kùn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ń já èrò sí ẹ̀bá ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ó wá di ẹni tí ń já wọn sí àárín títì. Ó di dandan láti wá ẹnu ọ̀nà sí apá kejì. A ṣe é. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó ti di àṣà, kò ṣeé yí padà. Orílẹ̀-èdè tí ó lè yí ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ wà padà lè yí gíga àtẹ̀gùn rẹ̀ padà. Ọjọ́ tí a dá ní 1972 ni ó ṣe é, kì í ṣe owó nìkan.

ATỌ́KÙN: Kí a tó kí yín pé ó dàbọ̀, kí ni ìlú bí Ọ̀fà lè ṣe láìdúró de Àbújá?

OLÙKỌ́: Ohun mẹ́ta. Èkíní kò gba kọ́bọ̀: kí ọkọ̀ dúró pátápátá. Ẹgbẹ́ awakọ̀ lè fi èyí ṣe òfin gáréèjì lónìí. Èkejì gba owó díẹ̀: kí a kọ́ pèpéle pẹ̀lú ojú ọ̀nà ìgẹrẹ́ sí gáréèjì, ibi ọjà, ilé ìwòsàn àti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, kí ilẹ̀ pèpéle náà sì bá ilẹ̀ bọ́ọ̀sì tí ń dé ibẹ̀ dọ́gba. Birikìlà Ọ̀fà lè mọ ọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà wa. Àwọn ni wọ́n so àtẹ̀gùn mọ́ mólúè ní ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n lè so àtẹ̀gùn kan sí i nísàlẹ̀, kí wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n fi irin ìdìmú síbẹ̀, kí wọ́n sì yọ àga kan kúrò níwájú kí kẹ̀kẹ́ lè rí ibi dúró sí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú yìí lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín ni kí ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ẹ kó wọn lọ sí gáréèjì, kí wọ́n wọn gíga ẹnu ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá bi ara wọn pé ta ni ó lè wọ èyí, ta ni kò lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá mọ iye náà, wọn kò tún ní sọ pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ni ó ṣe aláìtó.

ATỌ́KÙN: Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ ti gbọ́ bí bọ́lẹ̀kájà ṣe di mólúè tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì yí padà, bí Jámánì ṣe rẹ ilẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, tí Curitiba gbé ilẹ̀ ibùdókọ̀ sókè, àti bí a ṣe fi ọjọ́ kan yí apá tí gbogbo ọkọ̀ wa ń gbà padà. Bí ẹ bá jáde lọ́la, ẹ wo ẹnu ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ tún wo ẹni tí ó dúró lẹ́yìn yín. Ó dìgbà kan ná o.